"Ẹ Kú": Ọ̀rọ̀ Kan Tí Wọ́n Torí Rẹ̀ Dè Mí Mọ́lẹ̀ ní Ifọ̀

Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ẹnì kan nílé yín, tí ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, kí ẹ tó pe ẹbí jọ, kí ẹ tó máa wá okùn, ẹ kọ́kọ́ ka èyí. Mi ò kọ ọ́ láti fi tọrọ àánú. Mo kọ ọ́ nítorí pé ìyà tí àìsàn fi jẹ mí kò tó ìdajì èyí tí àwọn ènìyàn mi fi jẹ mí, àwọn kan lára wọn ṣì ń sọ káàkiri títí di òní pé àwọn ló tọ́jú mi.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kiri ilé ẹjọ́, àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tí mo ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Mówè ni mo ń gbé, ní òpópónà kan tí ilé tuntun àti igbó jọ pín láàárín ara wọn. Nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó níbi tí mi ò lè jẹ́rìí ara mi, nítorí pé orí mi kò gbé e. Mo lọ bi àwọn tó wà níbẹ̀, mo sì kọ ohun tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, títí kan èyí tó dùn mí.

Ọdún tí gbogbo ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra fóònù alágbèéká ni. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan ni orí ti ń fọ́ mi lápá òsì, tí ọwọ́ ọ̀tún mi sì ń wúwo bíi ti ẹni tó sùn lé e. Wọ́n ti sọ fún mi tipẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Wọ́n fún mi ní oògùn, mo lò ó fún oṣù méjì, nígbà tí ara mi yá mo pa á tì. Ẹ̀bi ìyẹn, èmi ni mo ni ín, mi ò lè gbé e fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan, olóòtú pè mí pé kí ló dé tí mo kọ "Ìbàfò" nígbà mẹ́rin sínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó rẹ̀ mí ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, nǹkan náà dé. Ìyàwó mi, Rọ́nkẹ́, ni ẹlẹ́rìí: "Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Mo ní, 'Bàbá Ṣèyí, ife yín bọ́.' Wọ́n kọjú sí mi, ẹnu wọn ti ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní, 'Ẹ kú.' Mo tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Kí lẹ ń kí mi ẹ kú fún, ṣé èmi ni ìyá yín ni?' Ìgbà tí wọ́n fẹ́ dìde tí wọ́n ṣubú ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré."

Ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbàfò. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n fa omi sí mi lára, ọjọ́ yẹn sì lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni a tó dé ilé ìwòsàn ìjọba. Bẹ́ǹṣì gígùn ni, ènìyàn kún un, a ń sún díẹ̀díẹ̀ bí iwájú ṣe ń ṣófo. Ẹni tó ń kọ káàdì ní dandan ni kí aláìsàn sọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú." Ó ní ẹ ṣeun, orúkọ yín ńkọ́? Mo tún ní, "Ẹ kú." Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn, mo mọ orúkọ mi, mo mọ orúkọ bàbá mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n. Wọn ò kàn gba ẹnu mi jáde ni.

Dókítà tó rí wa ní ọ̀sán sọ ohun méjì fún Rọ́nkẹ́. Èkíní, pé ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan nínú ọpọlọ mi, pé apá yẹn ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún pẹ̀lú ọ̀rọ̀ sísọ. Èkejì, pé gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ ni mò ń gbọ́ tó sì ń yé mi, ọ̀nà àbájáde ló bàjẹ́. Rọ́nkẹ́ fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún mi pé ìkejì yìí kò tẹnu òun jáde sétí ẹnikẹ́ni. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ohùn ń já. Ó ní, "Wọ́n ní ọpọlọ ni, Alájì." Ìyẹn nìkan ló dé etí kejì.

Ọpọlọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe láàárín wa. Bí wọ́n bá ní ọkàn ẹnì kan ń ṣàìsàn, a máa béèrè dókítà. Bí wọ́n bá ní ọpọlọ ni, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀jẹ̀ mọ́. Wèrè ti dé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí wa. Sìmẹ́ńtì ló ń tà ní Ifọ̀, gbogbo ìdílé ló ń pè é ní Alájì, òun ló sì rán mi níwèé. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ó dé Mówè ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ti ilé ìwòsàn dé. Mo jókòó sí iwájú ilé. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ara kọ̀, mo bá tẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀. Mo fẹ́ kí i pé ẹ kú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde, èkejì há. Mo tún un sọ. Ó há. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, inú ń bí mi sí ẹnu ara mi, ojú mi ń pọ́n, ọwọ́ òsì mi ń ti ilẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé mo lè nà án fún un.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo tó bi í lórí fóònù pé kí ló rí lọ́jọ́ yẹn. Èsì rẹ̀ rèé: "Ojú ẹ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. O nàka sí mi. O ní kí n kú, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, níwájú ìyàwó ẹ. Èmi tí mo rán ẹ níwèé. Kí lo fẹ́ kí n rò, Múnírù?"

Mo bi í pé ṣé ó ti gbọ́ ọ rí kí àbúrò máa fi "ẹ" ṣẹ́ èpè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ló ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kó kú? Ó ronú. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí. Lẹ́yìn náà ló ní wèrè kò mọ òfin.

Ìpàdé ẹbí wáyé ní pálọ̀ mi, níwájú mi, bí ẹni pé àga ni mí. Ẹnì kan ní agbo. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé mi lọ fún àdúrà. Rọ́nkẹ́ sọ pé wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa nílé ìwòsàn, pé wọ́n máa kọ́ mi ní ìrìn àti ọ̀rọ̀. Alájì bi í pé, "Ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wò ó?" Wọ́n bá gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ifọ̀.

Agbo ilé kan ni, lẹ́yìn ọjà, tí wọ́n ti ń tọ́jú wèrè. Bàbá tó ni ín nígbà náà ti kú báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba iṣẹ́ mìíràn, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí mọ́ ìtì igi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹsẹ̀ tí wọ́n fi í sí: ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣì ń gbọ́ tèmi. Ọ̀tún tó ti kú, wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa gbádùn ara rẹ̀.

Òfin kan ló wà níbẹ̀ tó burú ju irin lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wa lóhùn. Bàbá náà sọ ọ́ létí mi fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá: "Má dá a lóhùn o. Tó o bá ń dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ yẹn á máa lọ ni." Nígbà tí wọ́n bá wọlé, mo máa ní "Ẹ kú", wọ́n á gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n á jáde. Wọ́n ń fún mi ní nǹkan mu tó ń mú mi sùn nígbà tí oòrùn wà lókè. Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, "Ẹ kú" pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra lẹ́nu mi. Ní ìparí rẹ̀, mo dákẹ́. Bàbá náà ránṣẹ́ ayọ̀ sí Alájì. Ó ní èpè ti dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ kọkànlélógún yẹn ni Rọ́nkẹ́ dé pẹ̀lú Múfú. Múfú jẹ́ ọmọ Ìkirè, irin ló ń jó ní òpópónà wa, ó ṣe géètì fún ìdajì ilé tó wà níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ kan ní Ifọ̀ ló ti ń bọ̀, àpò irinṣẹ́ wà léjìká rẹ̀. Rọ́nkẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú..." Eruku gbà á lọ́fun, ó húkọ́. Láti orí ìtì igi mi, mo ní, "Ilé."

Múfú ṣì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́: "Àyà mi já. Mo ní, 'Màmá Ṣèyí, ẹ tún kí wọn, ẹ má parí ẹ̀.' Wọ́n ní, 'Ẹ kú...' Ọ̀gá ní, 'Ilé.' Èmi náà ní, 'Ẹ kú...' Ọ̀gá tún ní, 'Ilé.' Ó wá yé mi. Mo ní ọkùnrin yìí ò ya wèrè. Ó ń kí èèyàn ni. Ẹ kú ilé ni wọ́n torí ẹ̀ dè é."

Bàbá náà ní Alájì nìkan ló lè tú mi sílẹ̀. Múfú kò bá a jiyàn. Ó yọ ayùn irin nínú àpò, ó jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Nígbà tí bàbá ní òun máa pe ọlọ́pàá, ó ní kó pè wọ́n kíákíá, kí wọ́n wá wo ẹni tó dè mọ́lẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni.

A padà sí ilé ìwòsàn ìjọba, a padà sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn níbẹ̀, Ìyáàfin Adéoyè, ló kọ́kọ́ bá èmi fúnra mi sọ̀rọ̀ dípò ẹni tó gbé mi wá. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì kà á kí n tó tẹ̀ ẹ́: "Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé ọpọlọ àgbàlagbà kì í hù mọ́, èyí tó bá kú ti kú. Àwọn tó ń wádìí ẹ̀ ti ń rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ibì kan wà nínú ọpọlọ àgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ṣì wà bí irúgbìn tí wọn ò tíì gbìn. Wọn ò tíì pinnu ohun tí wọ́n máa dà. Àmọ́ wọn kì í dá ṣe é. Ibi tí wọ́n ń gbé ló ń darí wọn: ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká, ohun tí àwọn yẹn ń sọ fún wọn. Tí ibùgbé yẹn bá dáa, wọ́n lè dìde. Tí kò bá dáa, wọ́n á sùn, tàbí kí wọ́n kú."

Rọ́nkẹ́ bi í pé kí ló ń ba ibùgbé náà jẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìbẹ̀rù tí kò dáwọ́ dúró. Àìsùn dáadáa. Kéèyàn wà lójú kan. Kó má rẹ́ni bá sọ̀rọ̀."

Mo wo Rọ́nkẹ́. Òun náà ń wo ẹsẹ̀ mi, níbi tí irin ti bó o.

Ìyáàfin Adéoyè kò tan wá jẹ. Ó ní lára eku ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan yìí, pé ti ènìyàn kò tíì yé ẹnikẹ́ni tán. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń padà fún ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ ni pé apá tó yè nínú ọpọlọ ń kọ́ iṣẹ́ apá tó kú, ìyẹn náà sì ń fẹ́ ohun kan náà: ìrìn, oorun, ọ̀rọ̀, sùúrù. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá tà á fún yín nínú ìgò," ló fi parí rẹ̀. Mo rántí gbólóhùn yẹn nígbà tó yá.

Rọ́nkẹ́ ló ronú kan ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa. Ó ní ẹnu ọ̀nà ilé ni òun kúnlẹ̀ sí tí "ilé" fi jáde. Àbí ibi tí ènìyàn bá wà kọ́ ló ń sọ bí a ṣe máa kí i? Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi kiri. Ó fi mí sí ìsọ̀ Múfú láràárọ̀, kí n rí iná irin, kí n gbọ́ òòlù, kí n kí wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ "Ẹ kú" tí mo ń dúró. Múfú kò ṣàánú mi: "Ọ̀gá, àwọn tó ń ṣe é rèé o. Ẹ kú kí ni? Ẹ kú ọ̀lẹ? Ẹ tiẹ̀ bú wa, kó ṣáà jáde." Ní ọjọ́ kẹwàá, ó fi òòlù gbá ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fò kiri, èmi sì ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó gbàgbé ọwọ́ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ a lọ sí ìdí àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé, àmì ohùn kò bá a dé. Mo kí ìyá oní-tòmáàtì pé ẹ kú ọ̀já. Ó ní, "Bàbá Ṣèyí, mo ti ṣíwọ́ ọmọ bíbí o, ẹni tó ń pọn ọmọ ni kẹ́ ẹ kí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí kì í ṣe ti orí bẹ́ǹṣì. Ó tún un sọ fún mi, ọjà, ọjà, ó ń fi ọwọ́ gbé ohùn sókè sódò, títí mo fi mú un. Ẹnì kankan níbẹ̀ kò lọ sí ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Wọ́n kàn ń dá mi lóhùn ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Alájì dé. Kò wá bẹ̀ mí. Ó wá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Màgbórò, nínú ilé tuntun tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ọkùnrin náà wọ aṣọ funfun, kúlà aláwọ̀ búlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní sẹ́ẹ̀lì tuntun láti òkè òkun ló wà nínú rẹ̀, pé abẹ́rẹ́ mẹ́ta, mo máa sọ̀rọ̀ bíi ti agbẹjọ́rò. Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń wá. Bí abẹ́rẹ́ bá wò mí sàn, a jẹ́ pé òun ló wò mí sàn, a ó sì gbàgbé Ifọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi nígbà yẹn kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń bi ènìyàn ní ìbéèrè ṣáájú kí wọ́n tó kọ́ ilé yẹn. Mo ní, "Ibo... ló máa... gbé?"

Ó ní nínú ọpọlọ ni.

Mo ní, "Lọ́dọ̀... ta?"

Ó kọjú sí Alájì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?" Mo ní kó fi ẹnì kan hàn mí tó ti gba abẹ́rẹ́ náà, kí n bá a sọ̀rọ̀. Ó mú fọ́tò jáde, kò sí orúkọ kankan lẹ́yìn wọn. Mo dìde. Alájì ní mo ti dójú ti òun.

Nígbà tí mo padà lọ wádìí, ọkùnrin náà ti kó lọ. Ọlọ́dẹ ilé náà ń fi kúlà búlúù yẹn ta omi tútù. Mo bi í pé kí ló máa ń wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Yìnyín. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ rà á."

Bí ara mi ṣe rí lónìí rèé. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ èyí. Ọ̀tún lè di ṣíbí mú, kò lè de bọ́tìnnì. Láàárọ̀, mo ń sọ̀rọ̀ tó já gaara. Bí ó bá rẹ̀ mí, àmì ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, ọkọ á di ọkọ̀. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, ara yá, ara kò yá. Mo bi Ìyáàfin Adéoyè pé ṣé sẹ́ẹ̀lì tuntun ló dá ọ̀rọ̀ mi padà ni, àbí èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló kọ́ iṣẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó máa la orí mi wò, nítorí náà kí n má kọ ohun tí mi ò mọ̀. Mi ò kọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti kú sí, àti ibi tó ti jí. Ní Ifọ̀, wọn ò dá mi lóhùn. Ní Mówè, wọ́n dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé rọpárọsẹ̀ ni, ẹ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ibà gbé yín pamọ́. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ fi ìpàdé sílẹ̀. Aláìsàn yín ń gbọ́ yín. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì dúró de èsì rẹ̀ bó ti wù kó pẹ́ tó.

Alájì dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìgbà àkọ́kọ́ láti Màgbórò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ. Mo dìde, mo fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú."

Mo sì dákẹ́. Kò há lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kejì wà lórí ahọ́n mi, ó pé, àmì ohùn rẹ̀ pé. Mo kàn fi í síbẹ̀ ni. Rọ́nkẹ́ dẹ́kun iṣẹ́ tó ń ṣe. Alájì yí fìlà náà po lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ òsì mi, ó wá wo ojú mi.

Ó ní, "Ẹ kú kí ni, Múnírù?"

Ìbéèrè tó yẹ kó bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo ní, "Ẹ kú àtijọ́."